Ara Ọkùnrin àti Ojú Ayé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ máa ń fi sùúrù ka ohun tí àwa tí a kéré sí yín bá kọ, ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ìbéèrè náà ni èyí: ta ni ó ni ara ọkùnrin? Bí ó bá ṣe ti obìnrin ni mo béèrè, kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń bá ayé jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, etí gbogbo wa sì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin jókòó, kí ó máa ro bí apá òun ti tóbi tó tàbí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ti kún tó, a kà á sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Èmi náà kà á sí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2011, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Ní ọdún náà, ọmọ ọdún 26 ni mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta, yàrá kan ni mo sì gbà sí Ìjẹmọ̀, tí ó fi jẹ́ pé Ṣàpọ́n ni mo ń gbà kọjá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá mọ Ṣàpọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá kí ojú má rí i. Àwọn tí ń ta aṣọ, àwọn tí ń ta bàtà, àwọn aránṣọ, àwọn tí ń tún fóònù ṣe, àwọn ìyá tí wọ́n tẹ́ àtẹ ata àti tòmátì sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn ọlọ́kadà tí ń pe èrò Ìtòkú àti Kútọ̀: gbogbo wọn ni wọ́n ní ojú, gbogbo wọn ni wọ́n sì ní ẹnu. Nígbà mìíràn etí mi a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “àpọ́n” nínú orúkọ Ṣàpọ́n. N kò sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá o. Ẹni tí ojú bá ń tì pé òun jẹ́ àpọ́n ni etí rẹ̀ máa ń gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti tẹ́ẹ́rẹ́. Baba mi tẹ́ẹ́rẹ́, baba tí ó bí i náà tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé n kì í jẹun. Láfún tí ìyá mi ń rò fún mi nígbà tí mo bá lọ sí ilé kò kéré, n kì í sì í jẹ ẹ́ kù. Ara mi kàn gbà bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tí ń ta èlùbọ́ ní Ṣàpọ́n, tí ó fẹ́ràn mi púpọ̀. Mo tẹnu mọ́ ìfẹ́ yìí nítorí pé kì í ṣe ọ̀tá ni ó ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá yìí kì í jẹ́ kí n kọjá láìbéèrè pé, “Tíṣà, ṣé ìjọba ò tíì san owó oṣù ni?” Bí mo bá ní, “Wọ́n ti san án, Ìyá,” yóò wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní, “Owó ọ̀hún dà lára ẹ?”

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìbéèrè ìyá yìí wò dáadáa. Kò béèrè bóyá ara mi le. Kò sọ pé n kò lẹ́wà. Owó ni ó ń wá lára mi, bí ẹni tí ń wá owó nínú àpò ṣòkòtò. Mo sì gbà pé bí àwa Yorùbá ti ń wo ara ọkùnrin nìyẹn: ìwé ìṣirò ni a kà á sí. Bí ọkùnrin bá sanra, a ní ó ti rí jẹ, a ní ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, a ní ara tù ú. Bí ó bá rù, owó ni kò sí, tàbí ìyàwó ni kò mọ ọbẹ̀ sè, tàbí ayé ń lépa rẹ̀, tàbí àìsàn kan wà tí kò fẹ́ kí á mọ̀. Ikùn tí ó yọ síwájú, tí dókítà ń bẹ̀rù, àmì ọlá ni lójú tiwa. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ ti ẹwà. Ìdí sì nìyí tí ọkùnrin kò fi lè ráhùn. Obìnrin tí wọ́n bá fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lè sọ pé wọ́n bú ara òun. Ọkùnrin kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bú ara rẹ̀; wọ́n kàn ń béèrè bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ ni.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàìmọ̀ pé ènìyàn kọ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ara rẹ̀. Ọbàtálá ni wọ́n ní ó ń mọ ọmọ nínú oyún, nítorí náà abuké, arọ, àfín àti aràrá, ẹni òrìṣà ni wọ́n pè wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Òfin náà dára púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pa á mọ́ tó bí a ti ń ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí òfin náà fi sílẹ̀ ní ìta. Ọkùnrin tí ó kàn tẹ́ẹ́rẹ́ lásán, tí kò yarọ, tí kò ní iké, òun kì í ṣe ẹni òrìṣà. Ara tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a kà á sí. Bí Ọbàtálá bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, a retí pé kí òun fi owó rẹ̀ parí iyókù.

A tún máa ń sọ pé ìwà lẹwà, a sì ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ wa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìdúró kan níbi ìgbéyàwó, tí ó fi ọ̀rọ̀ náà gba ọkọ ìyàwó nímọ̀ràn fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì fi ìgbà tí ó kù fi ọkọ ìyàwó náà ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí pé ó kúrú ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ ìyàwó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ọkùnrin ṣe nìyẹn.

Aṣọ ni àwọn àgbà fi bá wa bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo ọkùnrin nínú agbádá, bí ó ti ń ká apá aṣọ náà lé èjìká ní ọ̀tún àti ní òsì: kò sí ẹni tí kò ní èjìká nínú agbádá. Ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì, ẹni tí ó rù àti ẹni tí ó sanra, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn gbé jáde. Mo máa ń rò ó pé kì í ṣe nítorí ọlá nìkan ni a ṣe dá agbádá sílẹ̀, pé àánú wà nínú rẹ̀. Aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń rán nísinsìnyí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́nétọ̀, tí ó fún mọ́ àyà àti apá, kò ní àánú kankan.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi bí aṣọ ti ń bo àṣírí hàn mí ni àbúrò baba mi kan, ní ọdún 1997. Ọdún tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ni. Abẹ́òkúta wa yìí ni wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938, bí ọkùnrin kan bá sì wà ní ilẹ̀ yìí tí kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ara rẹ̀, òun ni. Kò tóbi, kò sanra, síbẹ̀ ó ń bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ lórí ìtàgé, ó sì ń gba àlejò nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú pátá nìkan. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé kì í ṣe ọkùnrin. (Mo mọ ohun tí àwọn obìnrin tí ń ka ìwé yìí yóò sọ: pé ọkùnrin tí ó gbé obìnrin 27 níyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní 1978, òṣùwọ̀n mìíràn ni ó fi wọn ara rẹ̀, òṣùwọ̀n náà sì wọ́n ju ti ẹran ara lọ. Òótọ́ ni.) Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni ó kú. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn éèdì ni ó wà nídìí ikú náà. Ìgboyà ńlá ni ó fi sọ ọ́, nítorí pé ohun tí àwọn ẹbí mìíràn ń fi pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àdúgbò wa rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá rù, ó ti kó o.

Àbúrò baba mi yìí ti Èkó dé ní Kérésìmesì ọdún náà. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọgbẹ́ inú sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó rù gidigidi. Wọ́n ya ife kan sọ́tọ̀ fún un nínú ilé, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìdí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ ìparí ọdún, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá láìkànkùn, mo bá a tí ó ń múra. Ó ti wọ ṣòkòtò péńpé, ó ti wọ ṣòkòtò gígùn kan lé e, ó tún ń gbé ẹsẹ̀ bọ inú ìkẹta. Ó rí mi. Kò bínú. Ó ní, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni o,” mo sì ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ó gbé agbádá wọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó nínú ọyẹ́ tí òógùn sì bò ó. Ó wà láàyè títí di òní, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí n kọ ọ́, kí n má kàn dárúkọ òun.

Ó yẹ kí ohun tí mo rí ní ọjọ́ náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó kọ́ mi ní nǹkan kan lóòótọ́: pé ọkùnrin tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ gbọdọ̀ wá nǹkan ṣe sí i kí ayé tó rí i.

Nítorí náà, nígbà tí tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi ní 2011 pé oògùn kan wà tí ń mú ènìyàn sanra, n kò béèrè ìbéèrè púpọ̀. Mo lọ sí ilé oògùn kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò béèrè ìwé dókítà, ó ka hóró oògùn oríṣi méjì sínú bébà, ó ní kí n máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní alẹ́. Mo ti mọ orúkọ wọn nísinsìnyí. Èkíní ni cyproheptadine, oògùn ara yíyún ni, a máa mú oorun kun ènìyàn, a sì máa mú ebi pa á. Èkejì ni dexamethasone. Oògùn ńlá ni èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020 àwọn oníṣègùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ó ń dín ikú kù láàrin àwọn aláìsàn kòrónà tí àrùn náà ti wọ̀ lára débi pé ẹ̀rọ ni ó ń bá wọn mí. Oògùn ni fún ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn. Èmi kò ṣàìsàn, àfi bí a bá lè pe ìbéèrè ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní àìsàn.

Ó ṣiṣẹ́. Kí oṣù kan tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún, ọrùn mi ti nípọn, ikùn díẹ̀ ti yọ. Ẹ kò lè mọ bí inú mi ti dùn tó. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ dìde lórí àpótí rẹ̀, ó jó yí mi ká, ó sì bu èènì kún èlùbọ́ mi. Àwọn ọlọ́kadà tí ń pè mí ní “Bọ̀dá” tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní “Ọ̀gá”. Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ fi ṣaya, baba rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà mí kún. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí i nígbà náà, ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójú mi pé, “Ó ti ń dà bí ọkùnrin.” Owó oṣù mi kò fi kọ́bọ̀ kan pọ̀ sí i. N kò kọ́ ọgbọ́n tuntun, n kò ṣe rere kan tí n kò ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn yọ̀. Ọmọbìnrin náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Ojú ẹ ò jọ ojú ẹ mọ́.” Inú bí mi sí i.

Ní oṣù kẹta, a kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ sí Òkè Olúmọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Mo ti gun òkè náà láìmọye ìgbà. Ní ọjọ́ náà, n kò tíì gun àtẹ̀gùn púpọ̀ tí itan mi fi kọ̀ fún mi. Kì í ṣe pé èémí mi gé. Ẹsẹ̀ ni kò gbé mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú, mo wá ibì kan jókòó sí, ni àwọn ọmọ bá ń pariwo láti òkè pé, “Ẹ wo Ọ̀gá o! Ọ̀gá ti sanra jù!” Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó wo apá mi. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń kún, bẹ́ẹ̀ ni apá àti itan mi ń rọ, tí wọ́n ń tínínrín sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò lè fa garawa omi kan jáde nínú kànga mọ́. Ṣùgbọ́n inú dígí, ojú ni ènìyàn ń wò.

Ẹ̀rù bà mí, owó sì tán. Mo dá oògùn náà dúró lójijì, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin, níwájú àtẹ èlùbọ́ ní Ṣàpọ́n, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú. Àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà tí ó tọ́jú mi, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí ó gun orí kíndìnrín bí fìlà, òun ni ó ń ṣe omi ara kan tí ń fún ènìyàn ní okun ní ọjọ́ ìnira. Dexamethasone jọ omi ara náà. Bí a bá ń dà á sí ara lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yà náà yóò sinmi, kò ní ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí a bá sì dá oògùn náà dúró lójijì, ènìyàn yóò wà láìní èyí tí ó rà, láìní èyí tí ó bí mọ́ ọn. Ó ní oògùn kan náà ni ó ń kó ọ̀rá lọ sí ojú àti ikùn, tí ń jẹ iṣan apá àti itan, tí ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, tí ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ó wá wo àwòrán tí mo yà ní oṣù tí ó kọjá lórí fóònù mi, ó ní, “Ojú yìí, àìsàn nìyí.”

Àwòrán tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo àwòrán mi ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ti ìmọ̀ jinlẹ̀ fún mi nìyí. Kò ṣòro láti sọ pé ojú ayé ṣì mí mọ̀: nígbà tí ara mi le, wọ́n kẹ́dùn, nígbà tí mo ń kú lọ, wọ́n kí mi kú oríire. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, ẹ̀bi ayé ni, kí a sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ̀ pé n kò lè fa omi. Èmi nìkan ni mo mọ bí itan mi ti rí ní Olúmọ. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Olúmọ náà mo dúró níwájú dígí inú mi sì dùn. Àwọn ará Ṣàpọ́n kò sí nínú yàrá mi, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi wo ara mi, ojú wọn ni. A máa ń rò pé ènìyàn ní ojú ti ara rẹ̀, pé òun ni ó kọ́kọ́ mọ ara rẹ̀ kí ayé tó wá dá sí i. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ayé ni ó kọ́kọ́ wò wá nígbà tí a wà lórí ẹní, tí wọ́n ń sọ pé ọmọ yìí tóbi, ọmọ yìí kéré. Ojú wọn ni a sì kọ́ láti fi ríran.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Àwọn kan yóò ní kí ọkùnrin di etí rẹ̀, kí ó má ka ohun tí ayé ń sọ sí. Mo ti gbìyànjú láti gba ìmọ̀ràn yìí, ohun kan sì ń dí mi lọ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí ó béèrè owó lára mi, òun ni ó pariwo tí àwọn ọlọ́kadà fi sáré dé. Òun ni ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, tí ó ń fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ irú ẹni tí ń wo ara ẹlòmíràn, kò ní rí i nígbà tí mo ń ṣubú. Mo ti gbé ní ìlú ńlá kan lẹ́yìn náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún mi rí pé mo rù tàbí pé mo sanra. Mo ní ibà fún ọjọ́ mẹ́rin nínú yàrá mi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kan ilẹ̀kùn. N kò fẹ́ irú òmìnira yẹn. Nítorí náà n kò lè bá àwọn tí ń sọ pé ara mi, tèmi nìkan ni, sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí mo ń wá ni ojú tí yóò máa wò mí láìwá owó lára mi, n kò sì tíì mọ bí a ti ń kọ́ ojú ní irú ìwòye bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ, pé àwọn kò ka ikùn sí ọlá mọ́. Òótọ́ ni, àyà tí ó ki, apá tí ó wú àti ikùn tí ó pín sí ìpele mẹ́fà ni wọ́n ń lépa, wọ́n sì ń wò ó lórí fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni a pààrọ̀; a kò jáde kúrò lórí òṣùwọ̀n. Ilà àbàjà tí ó wà ní ojú baba baba mi, òun ni ó fi jẹ́ arẹwà ọkùnrin nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó darúgbó, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi í ṣẹ̀sín, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀. Òṣùwọ̀n ń rìn, ojú baba náà kò sì lè rìn tẹ̀lé e.

Ní ọdún 2000, Harrison Pope, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwòrán han àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Austria, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí wọ́n yan ara tí wọ́n ìbá fẹ́ ní. Èyí tí wọ́n yàn fi nǹkan bíi kílò 13 iṣan ju ara tiwọn lọ. Wọ́n tún ní kí wọ́n yan èyí tí wọ́n rò pé obìnrin fẹ́, ọ̀kan tí ó wú gidigidi náà ni wọ́n yàn. Nígbà tí a wá bi àwọn obìnrin, ara ọkùnrin lásán ni wọ́n yàn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí pé mo rántí ẹni kan ṣoṣo tí kò bá wọn yọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. (Ó ti di ìyàwó mi.) Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí náà ní Taiwan, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kò rò pé obìnrin ń béèrè iṣan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ọkùnrin. Àwọn tí ń fi oògùn wá iṣan náà sì ń bọ́ sínú kòtò tí ó jọ tèmi: omi ara tí ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin ni wọ́n ń gún sí ara, ara wọn sì ń dẹ́kun láti ṣe tirẹ̀, ẹpọ̀n a súnkì, ọyàn a sì máa yọ ní àyà àwọn mìíràn. Nítorí pé wọ́n fẹ́ jọ ọkùnrin ni.

Àwa Ẹ̀gbá ń pe ara wa ní ọmọ Lísàbí, a sì máa ń rò ó bí òmìrán. Orúkọ oríkì rẹ̀, Agbòǹgbò Àkàlà, ẹyẹ ńlá ni ó fi í wé. Láti kékeré ni mo ti ń fi apá tèmi wé apá rẹ̀ tí n kò rí rí. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn sọ pé ó ṣe? Àgbẹ̀ ni. Àáró ni ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá, pé kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí àáró náà fi di ẹgbẹ́ ogun tí ó lé àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ kúrò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní àáró, bí mo bá wá sí oko rẹ ní ọjọ́ kan, ìwọ náà jẹ mí ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ bá lò, ọjọ́ kan ni; ọjọ́ tí òmìrán bá lò, ọjọ́ kan náà ni. Kò dá mi lójú pé kò sí ẹni tí ń kùn lóko nítorí ẹlẹgbẹ́ tí kò lókun. Ènìyàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn bí wọ́n ti ń ka ọjọ́.

Mo lọ kí wọn ní Ìjẹmọ̀ ní Ọdún Àjíǹde tí ó kọjá. Ọmọ ẹni tí ó ni ilé tí mo gbé nígbà náà ti di ọmọ ọdún 17. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú agolo mílíìkì ńlá méjì tí ó ti po sìmẹ́ńtì kún, tí ó sì fi irin gígùn so pọ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wú àyà síta, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti ń jáde?”

Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe. Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n ń sọ ní kíláàsì pé apá òun dà bí ti obìnrin. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní iye tí ẹ̀tù kan tí ó rí lórí fóònù yóò jẹ́ bí èmi bá bá òun rà á. Mo sọ fún un nípa bébà tí wọ́n ka oògùn sí fún mi, nípa Olúmọ, nípa bí mo ti ṣubú ní Ṣàpọ́n. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ sanra nígbà yẹn, àbí?”

N kò rí èsì fún un. Mo bọ́ ẹ̀wù tèmi náà, mo ní kí ó kó àwọn agolo rẹ̀ kúrò lọ́nà kí n gbìyànjú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó sì wá fi hàn mí bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ kí ẹ̀yìn má bàa dun ènìyàn. A ń gbà á lọ́wọ́ ara wa bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi yọjú ní ojú fèrèsé pé láfún ti délẹ̀. Ìyá náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ ò mà tíì sanra!” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá,” mo sì gbé irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i.